Dígí Tí Wọ́n Fi Sí Ìkáwọ́ Wa

Ìdí-Ìyeyè,
Lẹ́bàá Ọ̀rà, Ìgbómìnà.
Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, 1957.

Adégbọlá ọmọ mi àtàtà, Àlàó,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ibi tí ò ń sùn kò jò, ṣé o sì ń jẹun yó? Bí o bá ń béèrè tiwa, a wà láàyè, a sì dúpẹ́. Ọlọ́run tó gbé ọ kúrò ní ìdí ebè tó gbé ọ jókòó sí ìdí tábìlì kò ní jẹ́ kí tábìlì náà yẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìbàdàn kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí ewu bá wà lójú ọ̀nà, wàá ti gbàgbé nǹkan sílé, wàá sì padà lọ mú un. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o. Kì í ṣe tíṣà ló bá mi kọ ọ́, kì í sì í ṣe akọ̀wé ìdí ọjà tó máa ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń lọ, mo sì ti ka ìwé kìíní tán. Bí o bá rí ibi tí ìlà wọ́, ọwọ́ ló rẹ̀ mí, kì í ṣe pé ọgbọ́n tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín pé kí ni arúgbó fẹ́ fi ìwé ṣe, kí wọ́n wá wò mí lónìí bí mo ṣe jókòó tí mo gbé gègé lọ́wọ́.

Mojísọ́lá ìyàwó rẹ ń kí ọ. Ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó ti ń gún iyán. Tinúadé ọmọ rẹ tí o kò tíì fojú rí ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn, iwájú orí rẹ̀ sì yọ bíi tìrẹ gẹ́lẹ́, n kò mọ ohun tí a ó ṣe sí i. Baálẹ̀ Fáwùmí tí í ṣe olórí abúlé wa ń kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Ewúrẹ́ mi olójú funfun ti kú, mo sì ti sunkún rẹ̀ tán, nítorí náà má wulẹ̀ kí mi kú àṣẹ̀yìndè rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tí dírẹ́bà mú wá tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n sọ fún ọ bí ara ògiri odò ṣe rí, pé o gbọ́ lẹ́nu àwọn kan ní ọ́fíìsì pé ó ti gbó, pé òjò ọdún yìí lè pọ̀ jù fún un. O tún ní kí n fi Mojísọ́lá àti ọmọ sínú ọkọ̀ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kíákíá. Méjèèjì ni n ó dá lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, torí ọ̀rọ̀ náà ti dà rú mọ́ èmi alára lójú.

Ìwọ náà mọ ògiri náà, abẹ́ rẹ̀ ni o ti kọ́ ìwẹ̀. Kí n tó lóyún rẹ ni Òyìnbó onígẹdú kan fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì sé odò Ìmọ̀jì lókè abúlé wa, omi kún lẹ́yìn rẹ̀ di adágún ńlá, ó wá la ihò sí ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà já sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń yí, iná sì ń tàn ní ilé ìlagi rẹ̀. Nígbà tí igi gẹdú tán nínú igbó, Òyìnbó náà di ẹrù rẹ̀ ó lọ, ṣùgbọ́n kò lè di ògiri. Àwọn kánsù ló gba ẹ̀rọ, wọ́n fa wáyà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀rà, wọ́n sì fi Ràsákì ọmọ Ìlá síbẹ̀ kó máa ṣí omi kó sì máa tì í. Àwa wà ní ìsàlẹ̀ létí odò níbi tí a ti wà kí Òyìnbó tó dé. Iná kò dé ọ̀dọ̀ wa. Omi tí wọ́n ti yọ iná inú rẹ̀ tán ni wọ́n ń dà sílẹ̀ fún wa, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀wà mi kì í fi tètè jinná. Mo ti sọ ọ́ fún Ràsákì títí ó ti sú mi, ó ní iná kankan kò sí nínú omi. Mo ní bí kò bá sí nínú omi, níbo wá ni ẹ ti ń rí i?

Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni ògiri náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Lákọ̀ọ́kọ́ ó kàn ń tutù bí ìkòkò omi. Nígbà tó yá omi ń jáde gba àwọn ihò kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ògiri sì sán láàárín láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. O mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń bọ̀, àwa obìnrin ilé ni a máa ń fi ìgbẹ́ màlúù àti amọ̀ pa ògiri ilé kí àlejò má baà bá wa nínú ìdọ̀tí. Èmi tí mo jẹ́ àgbà láàárín wọn ni mo sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé ojú ń tì mí, pé a ò lè pa ilé tiwa kó máa dán kí ògiri tó ga jù ní gbogbo àgbègbè yìí sì máa sán lójú àlejò. A po amọ̀, a gun àkàbà, a pa ògiri odò láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ wa lè dé. Gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde, a dí i pa. Àlàó, ó dán. Àwọn ará Ọ̀rà tó wá ṣọdún dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò mọ̀ pé obìnrin Ìdí-Ìyeyè mọ iṣẹ́ tó báyìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún ni mọ́tò gbé Òyìnbó kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin pupa kan tí oòrùn ti bó ní imú, pẹ̀lú akọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ló rán an wá wo ara ògiri. Inú mi dùn. Mo rò pé ìjọba ti gbọ́ pé a pa á. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i ni ojú rẹ̀ yí padà, ó ní ta ló dí àwọn ihò yìí. Mo bọ́ síwájú, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni, kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tí akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó jókòó lórí òkúta ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ní àwọn ihò náà ni omi tó wà nínú ògiri ń gbà jáde, pé àwọn tó kọ́ ọ ló mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí i, pé bí omi kò bá rí àyè jáde, yóò ti ògiri wó. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ògiri tó ń jò ló lera, èyí tí kò jò ló ń ṣàìsàn? Bí òrùlé rẹ bá ń jò ní Ìbàdàn, ṣé o máa ń lọ bá onílé dúpẹ́ ni? A ṣáà fọ gbogbo iṣẹ́ wa dànù. Mo ń fọ ọ́, mo ń sunkún. Òógùn ojú ènìyàn kì í ṣe omi lásán.

Òyìnbó náà lo bí ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wa. Ó mú òòlù kékeré, ó ń kan ògiri kò, kò, kò, lẹ́yìn náà á gbé etí lé e bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Baálẹ̀ Fáwùmí bi akọ̀wé pé ta ló wà nínú ibẹ̀. Akọ̀wé ní kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ní kí ló wá dé tí ọ̀gá rẹ ń kanlẹ̀kùn? Akọ̀wé ní iṣẹ́ ni ọ̀gá òun ń ṣe. Òyìnbó tún ri rúlà gígùn kan mọ́ inú adágún, ó kọ nọ́ńbà sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn ọkùnrin sì ń kùn pé ó ti tán, owó orí ti wá kan omi.

Kó tó lọ ló ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Ó mú dígí pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ jáde nínú àpótí, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ó fi wọ́n dábùú ibi tí ògiri ti sán, ọ̀kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ilẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ǹtì lẹ orí kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhín, ó lẹ orí kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Ó wá ní kí wọ́n pe gbogbo wa jọ. Mọ́tò ti ń kùn lójú ọ̀nà, akọ̀wé náà sì ń kánjú, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé wa yékéyéké, mo sì há a sórí.

“Bí dígí yìí bá wà lódindi títí Òyìnbó yóò fi padà wá, ẹ lè máa gbé ibi tí ẹ wà. Bí ọ̀kan bá fọ́, ẹ ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ náà, kí gbogbo yín sì kó lọ sórí òkè.”

A wojú ara wa. Inú ń bí Òyìnbó nítorí pé a fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ láìgbàyè, ni ó wá fi ohun tó tètè ń fọ́ sọ́dọ̀ wa láti dán wa wò bóyá a mọ nǹkan tọ́jú. Bí a bá jẹ́ kó fọ́, ó fẹ́ lé wa. Ta ni yóò fi ibí sílẹ̀ lọ sórí òkè? Òkúta ló wà lókè, ejò ló wà lókè. Àti pé bàbá rẹ wà nínú yàrá mi níbi tí a sin wọ́n sí, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ń tẹ́ ẹní sí láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Bí mo bá jí, àwọn ni mo ń kọ́kọ́ kí. Ṣé kí n ká ẹní mi kí n sọ fún wọn pé ó dìgbà kan ná, pé Òyìnbó ní kí n máa lọ? N kò lè ṣe é, Àlàó. Kò sí irú ilé tí wọ́n lè kọ́ fún mi lórí òkè tí yóò mú mi ṣe é.

Baálẹ̀ fi ọ̀pá gbé ara wọn dìde, wọ́n dá akọ̀wé lóhùn lójú gbogbo wa.

“Sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí àlejò bá fi síkàáwọ́ wa, bó ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò ṣe bá a.”

Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀, Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó bọ Baálẹ̀ lọ́wọ́, mọ́tò sì gbé wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń tọ́jú dígí. A fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà fara nù ún. A dá ìṣọ́ fún àwọn obìnrin, ẹni tí kò lọ sóko á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òwú rẹ̀. A kò jẹ́ kí wọ́n gún nǹkan nítòsí. Èmi a máa fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n ní òwúrọ̀, wọ́n á sì máa tàn. Bí o bá rí wọn, o ò ní mọ̀ pé ìyà ń jẹ wá.

Nígbà tó ṣe, ọ̀kan fọ́. Ìyàwó Ṣàngówálé ló wà níbẹ̀, ó ní òun kò sùn, òun kò sì fọwọ́ kàn án, òun kàn gbójú sókè ni òun rí i pé ó ti pín sí méjì láàárín. A kò gbà á gbọ́. A bínú sí i débi pé ó sunkún lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ràsákì ní kí a ránṣẹ́ bí wọ́n ti wí. Mo dìde, mo ní kí Ràsákì jókòó, ilé rẹ̀ wà ní Ìlá, kò sẹ́ni tí yóò lé e. Mo ní bí a bá fọ́ àwo àlejò nígbà tó jáde lọ, ṣé a máa ń sáré tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà láti wí fún un ni, àbí a máa ń ra òmíràn síbẹ̀ kó tó dé? Gbogbo wọn ní òtítọ́ ni mo sọ. Ràsákì náà gbà nígbẹ̀yìn, ó sì bu sìmẹ́ǹtì tí Òyìnbó fi sílẹ̀ nínú àpò fún wa.

Dígí ìwojú Mojísọ́lá ni a kọ́kọ́ lò. A ha ohun dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò kó lè mọ́ gaara bíi ti Òyìnbó, Èṣùbíyì káfíńtà sì gé e bí mo ti wọ̀n ọ́n fún un. Mojísọ́lá sunkún díẹ̀ torí ìwọ lo rà á fún un, mo ní ọkọ rẹ á ra èyí tó tóbi jù ú lọ. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀. Ìyàwó Ṣàngówálé padà wálé. Mo ronú pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Òmíràn fọ́. Ni mo bá yọ dígí tó wà níwájú fọ́tò rẹ, èyí tí o ti wọ táì tí o fi ọwọ́ lé ìwé. Má bínú. Mo ti fi aṣọ bo fọ́tò náà kí eṣinṣin má máa bà lé ọ lójú. Kò pẹ́ tí méjì tún fi fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a lọ bẹ olùkọ́ni ìjọ kó fún wa ní ojú fèrèsé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tí a rán an létí pé ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní ìsàlẹ̀ bíi tiwa, ó yọ ọ́ fún wa.

Ohun tó tún wá ń yà mí lẹ́nu ni pé dígí tí a ń gé kò tó mọ́. Ìwọ̀n ìka ọwọ́ mi ni mo fún Èṣùbíyì lákọ̀ọ́kọ́, ó sì tó. Ìwọ̀n kan náà ni mo fún un lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ kan kò dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Mo ní Èṣùbíyì ń rẹ́ mi jẹ, pé ó ń gé díẹ̀ pa mọ́ fún ara rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ lé ahọ́n búra fún mi. Mo gbé èyí tó gé lé ìka mi, ó bá a mu. A ṣáà gé e kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Èyí náà tó fún ìgbà díẹ̀. Ní báyìí, àtẹ́lẹwọ́ kò tó mọ́. Ṣé dígí máa ń sún kì ni bí aṣọ tí wọ́n bá fọ̀? Ìwọ tó kàwé, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun rere kan fún ọ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Omi ti sun jáde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná mi. N kò gbẹ́ kànga, n kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Òwúrọ̀ kan ni mo jáde tí mo bá a níbi tí mo ti ń da eérú sí, ó ń tú yàà bí ẹni pé ẹnìkan ń bù ú láti ìsàlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Èyí kì í ṣe omi tí wọ́n ti yọ iná inú rẹ̀, ẹ̀wà mi ti ń jinná. Òun ni mo fi ń wẹ Tinúadé. Lákọ̀ọ́kọ́ ó mọ́ gaara, lẹ́nu àìpẹ́ yìí ó ti ń pọ́n, ó ń gbé iyẹ̀pẹ̀ wá, ó sì ti ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sílẹ̀ díẹ̀ á tòrò. Omi náà ti sun ní ilé Baálẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ilé tí Ọlọ́run gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni kò jẹ́ kí oúnjẹ máa lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìṣọ́ Mojísọ́lá ni. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án, ó jókòó sábẹ́ ibòji ògiri, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọmọdé wà níléèwé, láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé kò sí ọmọdé kan tó ń rìn kiri lọ́sàn-án ní abúlé yìí. Ewúrẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Mo dúró, mo ń wo dígí tí a gé lára ti fọ́tò rẹ, mo ń rò ó pé ó ṣe déédéé níbẹ̀ ju níwájú fọ́tò lọ. Níṣojú mi, Àlàó, ó dún pé ta, ó sì là sí méjì. Kò sí ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo wo Mojísọ́lá. Ọmú ṣì wà lẹ́nu ọmọ.

“Ìyá,” ó ní, “ṣé kì í ṣe pé ògiri yìí gan-an ló ń rìn?”

Mo bú u. Mo ní ìgbà wo ni ògiri ń ní ẹsẹ̀, pé kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ. Ó ní kí n má bínú, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ bí o ti wí. Mo ní kò burú, yóò lọ, ṣùgbọ́n kí Òyìnbó kọ́kọ́ dé ná kó rí dígí rẹ̀. Bí ìyàwó ọmọ mi bá kọ́kọ́ fi ìṣọ́ sílẹ̀, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún ìyàwó ẹlòmíràn pé kó jókòó? Èsì ọ̀rọ̀ rẹ kejì nìyẹn. Máa fi sùúrù dúró dè wọ́n díẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rù ti ń bà mí, n kò sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ta ló ń fọ́ ọ? Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹran, ǹ bá ti so ó mọ́lẹ̀. Mo bi bàbá rẹ léèrè níbi tí wọ́n sùn sí, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Mo lọ bá Ràsákì, ó ní òun kò lè wo dígí, nọ́ńbà rúlà ni òun ń wò, pé omi ti bo nọ́ńbà tó wà lókè pátápátá, òun kò sì mọ èyí tí òun ó máa kà mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sánmà ṣú báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí, mo sì fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́. Bí o bá ti gba owó oṣù, kí o tó ra ohunkóhun, bá mi ra dígí. Kí ó nípọn, kí gígùn rẹ̀ tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, torí ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn báyìí. Ra púpọ̀. Fi àpò sìmẹ́ǹtì kan kún un, ti Òyìnbó ti tán. Bí owó bá ṣẹ́kù, fi ránṣẹ́ kí n fi bẹ Èṣùbíyì, nítorí ó ṣì ń bínú pé mo pe òun lólè. Fún dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá, kó máa gbé e bọ̀, kí ó fi koríko wé e dáadáa. Wọ́n ní Òyìnbó yóò dé kí oṣù yìí tó parí, mo sì fẹ́ kó bá gbogbo rẹ̀ lódindi, kó bọ Baálẹ̀ lọ́wọ́, kó sì jẹ́ kí a máa gbé ilé wa.

Títí èyí tí o bá rà yóò fi dé, má ṣe jẹ́ kí ọkàn rẹ dà rú nítorí wa. A ti rí ọgbọ́n dá sí i. Mo ti gbàyè ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ, mo sì ti kó ẹní mi àti ti Mojísọ́lá lọ sí ìdí ògiri, a ti ta aṣọ síbẹ̀ fún Tinúadé nítorí òjò. Àwọn ilé yòókù náà ti ń kó tiwọn bọ̀, tọmọdé tàgbà, Baálẹ̀ sì ti ní kí wọ́n gbé àga àwọn wá. Bí gbogbo wa bá jókòó síbẹ̀ tí a kò gbójú kúrò lára rẹ̀, ẹni yòówù tó ń fọ́ ọ, ojú wa á tì í.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ ní Ìbàdàn bí a ti ń ṣọ́ ògiri yìí. Kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Wàá dàgbà, wàá dolówó, wàá sì wá gbé ọmọ rẹ jó.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Sẹ̀gilọlá.